Oore Inú Kábéèjì: Kí A Má Ṣe Dà Á Nù

Kò sí ọjà ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí a kì í ti í rí kábéèjì. Láti agbègbè Jos ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kó o bọ̀ wá sí Èkó àti Ìbàdàn. Nígbà kan rí, oúnjẹ òyìnbó ni a ń pè é. Nísinsìnyí, àti olówó àti mẹ̀kúnnù ni ó ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n a wòye pé púpọ̀ nínú oore rẹ̀ ni a ń dà nù kí ó tó dé ẹnu wa.

Ó yẹ kí òǹkàwé wa mọ̀ pé ọmọ ìyá ni kábéèjì aláwọ̀ ewé, kábéèjì elésè àlùkò, bùrókólì àti kọliflawa. Irúgbìn kan ṣoṣo, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Brassica oleracea, ni gbogbo wọn. Àwọn àgbẹ̀ ni ó ṣà wọ́n lẹ́ṣà láti ìran dé ìran títí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ní ìrísí tirẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ó wà nínú wọn kò dọ́gba. Bí a bá wọn kábéèjì aláwọ̀ ewé tútù ní 100 gíráàmù, fítámì C inú rẹ̀ tó nǹkan bí mílígíráàmù 36. Ti elésè àlùkò tó 57.

Ohun tí ó fún elésè àlùkò ní àwọ̀ rẹ̀ ni èròjà tí à ń pè ní anthocyanin. Bí a bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, yóò pọ́n; bí a bá bu káún sí i, yóò dà bí aró. Èròjà yìí àti fítámì C wà lára àwọn tí a ń pè ní antioxidant, èyíinì ni àwọn tí ń dènà irú ìbàjẹ́ tí ń mú irin dógùn-ún, tí ń sì mú iṣu tí a bẹ sílẹ̀ dúdú.

Òórùn kábéèjì pàápàá ní ìtumọ̀. Èròjà méjì ni ó wà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ewé náà. Bí ọ̀bẹ tàbí eyín bá gé e, wọn a pàdé, wọn a sì di ohun kíkorò tí ewé náà fi ń lé kòkòrò. Ní ọdún 1992, Paul Talalay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà rí ọ̀kan nínú irú èròjà bẹ́ẹ̀, sulforaphane, nínú bùrókólì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jí àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ara wa ní tẹ́lẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí sọ pé kábéèjì ń wo jẹjẹrẹ, kí ó má sì sáré lọ ra oògùn oníhóró tí a kọ antioxidant sí lára. Ní ọdún 1994, ìwádìí tí a ṣe ní Fínlándì lórí ọkùnrin amusìgá tí ó ju 29,000 lọ fi hàn pé àwọn tí a fún ní hóró beta-carotene ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró mú jù. Oúnjẹ yàtọ̀ sí hóró oògùn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa fún àwọn ìyá ilé ni èyí. Ẹ fi omi mímọ́ fọ kábéèjì dáadáa. Ẹ gé e, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sinmi díẹ̀ kí ó tó kan iná, nítorí ooru ń pa èròjà tí ń ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe bu káún sí i. Omi díẹ̀ àti iná ìgbà díẹ̀ ti tó. Ẹ má ṣe bọ̀ ọ́ kí ẹ sì fún un bí ẹní ń fún ẹ̀fọ́, nítorí inú omi náà ni fítámì C ń bá lọ. Bí omi bá sì ṣẹ́kù, inú ọbẹ̀ ni àyè rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi tí a fi se kábéèjì kọ́ ni ó yẹ kí a máa dà.