Òótọ́ àbí irọ́? Ààbò àdúgbò àtijọ́ ní Kútọnù àti Àjàṣẹ́

Bí ilé gíga ṣe ń pọ̀ ní Kútọnù, bẹ́ẹ̀ ni àríyànjiyàn lórí àdúgbò àtijọ́ ń gbóná. Ẹ jẹ́ kí a yẹ mẹ́rin wò nínú ohun tí a máa ń gbọ́.

“Kútọnù kò ní ibi àtijọ́ kankan, ìlú èbúté lásán ni.”
Irọ́. Láti 1868 ni Faransé ti ń bá ọba Dàhọ̀mì ṣàdéhùn lórí ilẹ̀ yìí, èbúté òde òní sì ṣí ní 1965. Àdúgbò apẹja ni Xwlacodji tó wà létí òkun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté náà, títí wọ́n fi wó o ní 2021. Ìtàn ṣì wà níbẹ̀; ilé ni kò sí mọ́.

“Bí orúkọ ilé bá ti wọ ìwé ìjọba, kò sẹ́ni tó lè wó o.”
Irọ́. Ilé Àgùdà ni Ilojo Bar ní Ìta Tinúbú, l'Ékòó. Nǹkan bí 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Láti 1996 ni àwọn àdúgbò àtijọ́ Àjàṣẹ́ àti ààfin rẹ̀ ti wà lórí àtòjọ àwọn ibi tí ìjọba lè dábàá fún UNESCO. Àtòjọ kì í dá katapílà dúró. Aládùúgbò tó tètè figbe ta ló lè gbìyànjú rẹ̀.

“Iṣẹ́ ìjọba nìkan ni.”
Irọ́. Ní Àjàṣẹ́, àjọ Ouadada ń bá àwọn ẹbí tó ni ojúde vodun ṣiṣẹ́ láti tún ojúde wọn ṣe. Ẹbí tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tún ojúde ṣe kò ní dákẹ́ bí ẹnìkan bá fẹ́ gbà á.

“Òfin tó sọ bí ilé ṣe lè ga tó àti ohun tí a lè fi í ṣe ń dí wa lọ́wọ́.”
Òótọ́ díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́ àjà márùn-ún kó lè gbowó ilé yóò pàdánù, kò yẹ ká ṣe bíi pé a kò rí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo Charleston ní Amẹ́ríkà: ará ìlú dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1920 láti dáàbò bo ilé àtijọ́, òfin irú èyí dé ní 1931. Lónìí, àwọn ilé náà gan-an ni àlejò ń lọ wò níbẹ̀.

Ìdájọ́ wa: òfin dára, ṣùgbọ́n ojú aládùúgbò ló ń ṣọ́ ọ. Kí ẹ tó gbọ́ ìró katapílà, ẹ lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú, ẹ béèrè ohun tí ìwé ìlànà ìlú sọ nípa òpópónà yín. Ẹ má dá lọ. Ẹ pe ará ilé kejì.