Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan kọ́ ló ń dín epo kù

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí owó lítà kan sì ti ìsàlẹ̀ náírà 200 fò lọ sí bíi 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sí ọgbọ́n tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń pè ní kòròpé ní Kétu àti Ìkòsì l'Ékòó kò ní í dá kí epo má bàa tètè tán. Ẹni tó bá jókòó díẹ̀ nídìí fọ́kanáísà á gbọ́ ti táyà: pé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló rọ ẹ́ńjìnnì lọ́rùn, èyí tó fẹ̀ ló ń mu epo. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò pé.

Kí ló tilẹ̀ kan táyà kan epo? Bí táyà bá ṣe ń yí, apá tó bá kan ilẹ̀ á tẹ̀ wọnú. Bó bá ti kúrò nílẹ̀, á tún nà padà. Rọ́bà kì í dá gbogbo agbára tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ padà. Èyí tó bá gbé mì á di ooru, ìdí nìyẹn tí táyà fi máa ń gbóná lẹ́yìn ìrìn àjò, kódà lóru. Epo tá a fowó rà ló di ooru yẹn. Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí gbogbo wa mọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún epo ló ń gba ibẹ̀ lọ.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ti táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà ní nǹkan bíi 0.010. Bí ọkọ̀ bá wúwo tó kílò 1,000, táyà rẹ̀ yóò máa fà á sẹ́yìn pẹ̀lú agbára tó dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo kílò 10, bí títì tiẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹ wá wo PAC-Car II tí ilé ẹ̀kọ́ gíga ETH ní Zurich, lórílẹ̀-èdè Switzerland, kọ́. Kílò 29 péré ni, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, táyà Michelin tó wọ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Pẹ̀lú awakọ̀ nínú rẹ̀, ohun tí táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fà sẹ́yìn kò tó ìwúwo gíráàmù 100. Ní Ladoux, nílẹ̀ Faransé, lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2005, afẹ́fẹ́ haidirójìn ló fi rìn, ìṣirò rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 5,385 lórí agbára tó wà nínú lítà epo bẹntiróòlù kan.

Ìdíje àwọn ọkọ̀ tí kì í mu epo púpọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Iyàn jíjà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ Shell ní Illinois, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1939 ló bí Shell Eco-marathon, níbi tí ẹni tí epo rẹ̀ bá rìn jìnnà jù ti ń gbégbá orókè, kì í ṣe ẹni tó bá sáré jù. Lọ́dún 2014, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó gbé AutoNov8 lọ síbẹ̀ ní Rotterdam, àwọn ti Yunifásítì Benin náà sì gbé Tuke-Tuke lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ tó wọ táyà tẹ́ẹ́rẹ́, kó má wulẹ̀ wọ bàálù. Kẹ̀kẹ́ Márúwá, tó ń jẹ́ orúkọ Buba Marwa, ológun tó ṣàkóso Èkó láti 1996 sí 1999, ń lo táyà 4.00-8: fífẹ̀ ínǹṣì mẹ́rin, ríìmù ínǹṣì mẹ́jọ. Kòròpé, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Suzuki tàbí Daihatsu kékeré, sábà máa ń wọ 145 R12. Mílímítà 145 nìyẹn, nígbà tí Corolla ń wọ 195. Bí táyà tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan bá tó, Kétu àti Ìkòsì ti ṣe tiwọn tán.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí ẹrù tó wà lórí táyà kan bá tó kílò 300, tí gééjì sì ka 30, ibi tí táyà fi tẹ ilẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà kan tòun tìka rẹ̀ lọ. Bí táyà fẹ̀, bó tẹ́ẹ́rẹ́, bákan náà ni, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń gbé ẹrù. Ìrísí rẹ̀ ló ń yàtọ̀: ti táyà fífẹ̀ á fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ti tẹ́ẹ́rẹ́ á gùn síwájú sẹ́yìn. Èyí tó bá gùn ń mú kí rọ́bà tẹ̀ jù, nítorí náà, bí afẹ́fẹ́ bá dọ́gba, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ lè gba agbára ju fífẹ̀ lọ díẹ̀. Ohun tó ń gbè é ni pé ó fúyẹ́, atẹ́gùn kì í dí i lọ́nà púpọ̀, wọ́n sì lè fún un ní afẹ́fẹ́ le dáadáa. Wọ́n tún lè mú kó ga, bí BMW ti ṣe fún i3, tó wọ 155/70 R19. Volkswagen fi 115/80 R15 síwájú XL1 rẹ̀. Títì tó dán ni wọ́n fojú sùn, kì í ṣe kòtò àdúgbò wa.

Nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Máìlì 12, a lè yọ ti atẹ́gùn kúrò. Ọkọ̀ tí kò kúrò lójú kan kò ní atẹ́gùn tó ń bá jà. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lásán, àti kí ọkọ̀ máa ṣí kó máa dúró pẹ̀lú ẹrù, ló ń jẹ epo níbẹ̀. Bí wọ́n bá dín agbára tí táyà ń gbà kù ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, epo tí èèyàn lè rí fi pa mọ́ kò ju ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn torí rẹ̀ ju táyà tó ṣì dára nù.

Afẹ́fẹ́ ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, torí pé kò wọ́n. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára l'Amẹ́ríkà ní gbogbo ẹyọ kan tí gééjì bá fi dín lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gba nǹkan bí ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún epo. Bó bá dín 10, ìdá méjì ti lọ: èrè táyà olówó ńlá ti bá afẹ́fẹ́ lọ nìyẹn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ṣì ń fẹsẹ̀ ta táyà, bó bá dún gbì, ó ti tó lójú wọn. Táyà lè dún gbì kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ má sì pé. Bí wọ́n bá tún wá to apẹ̀rẹ̀ tòmátì kún kòròpé nínú ọjà, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò pé á gbóná títí yóò fi bẹ́. Nọ́ńbà tó yẹ kí gééjì kà wà lára ọkọ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ má kọjá rẹ̀ torí epo.

Ohun kan wà tí ẹ lè máa fẹ́ gbọ́: táyà tó ti jẹ dan gan-an kì í gba agbára tó táyà tuntun, torí rọ́bà tó ń tẹ̀ ti dín kù. Tókunbọ̀ tó ti dán lè tipa bẹ́ẹ̀ dín epo kù lóòótọ́. Àmọ́ bí òjò bá rọ̀ tí omi bo títì, kò ní í di ilẹ̀ mú. Ìjà tó wà láàárín epo àti dídi ilẹ̀ mú nìyí, òun sì ni Michelin ń wá ojútùú sí lọ́dún 1992 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í po sílíkà mọ́ rọ́bà. Láti 2012 ni Yúróòpù ti ní kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ táyà tuntun, tó ń sọ ipò rẹ̀ nínú méjèèjì. Ìwé yẹn ti máa ń ya dànù tipẹ́ kí tókunbọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó kù tí a lè kà ni nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ọdún mẹ́rin sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, fún táyà, bó ti wù kó tẹ́ẹ́rẹ́ tó.