Omi Tó Tòrò Lójú Kọ́ Ni Omi Tó Mọ́

Ẹni tó bá dé etí odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí á rí i pé omi náà ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Wíwa wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lápá Iléṣà níbi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, wà lára ohun tó fà á.

Mo bu díẹ̀ sínú ike, mo fi álọ́ọ̀mù sí i, ó sì tòrò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Ó ti mọ́ nìyẹn. Ṣé kò lè wọ ẹ̀rọ háídírójìn tí ò ń kà nípa ẹ̀?"

Rárá o.

Ẹ̀rọ yìí ń fi iná mànàmáná ya omi sí háídírójìn àti ọ́síjìn. Nǹkan bíi lítà omi 9 ló ń di kílò háídírójìn 1. Nínú irú tí wọ́n ń pè ní PEM, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà láàárín tí prótọ́ọ̀nù ń gbà kọjá. Tí irin, bàbà tàbí kálísíọ́ọ̀mù bá ti yòrò sínú omi, wọ́n á gba àyè prótọ́ọ̀nù, bí èrò tó jókòó sínú ọkọ̀ tí kò fẹ́ sọ̀ mọ́. Iná tí ẹ̀rọ ń jẹ á wá pọ̀ sí i. Irin tiẹ̀ tún burú: ó ń sọ háídírójìn pẹrọ́ksáìdì inú ẹ̀rọ di oró tó ń jẹ awọ náà.

Ẹrẹ̀ ni álọ́ọ̀mù ń mú wálẹ̀. Kò lè kó gbogbo ohun tó ti yòrò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sẹ́ omi náà gba inú RO, tí wọ́n á tún gbà á kọjá nínú résìnì. Bí omi bá ṣe dọ̀tí tó, bẹ́ẹ̀ ni résìnì ṣe ń tètè kún, tí owó sì ń gòkè.

Ẹ̀rọ kì í pẹ́ kó tó fi hàn pé omi ò dáa. Ara èèyàn kì í tètè sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bu Ọ̀ṣun mu, ẹ má fojú lásán wọ̀n ọ́n o.