ÌJỌN: ABÚLÉ TÍ KÒKÓ GBÀ WỌ ILẸ̀ YORÙBÁ

Bí a bá dárúkọ kòkó, Oǹdó, Iléṣà, Ìbàdàn àti Èkìtì ló máa ń wá sí wa lẹ́nu. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n abúlé kékeré kan wà lágbègbè Agége, Ìjọn lorúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fi owó kòkó kọ́lé, tó fi rán ọmọ níléèwé, kò gbọ́ orúkọ náà rí. Ọ̀rọ̀ abúlé yìí sì kan àwa ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Bí ibẹ̀ ti rí

Ilẹ̀ Àwórì ni, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Èkó. Láyé ọjọ́un, igbó àti oko ló wà níbẹ̀, òjò sì ń rọ̀ dáadáa. Kò jìnnà sí etí òkun tí ọkọ̀ òyìnbó ń gúnlẹ̀ sí, nítorí náà irúgbìn lè tètè débẹ̀, èrè oko náà sì lè tètè dé ọjà.

Oníṣòwò tó di àgbẹ̀

J. P. L. Davies ni ọkùnrin náà. Ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1828. Ó ṣe ọ̀gá ọkọ̀ òkun, ó sì di oníṣòwò ńlá l'Ékòó. Ní nǹkan bí 1876 òwò rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ bí irú ìyẹn ti ń rí. Bàbá yìí ò káwọ́ gúnwà o. Ní nǹkan bí 1880 ó ti ń dáko kòkó ní Ìjọn. Inú ọkọ̀ Brazil kan àti Fernando Po, erékùṣù tí à ń pè ní Bioko lónìí, ló ti rí irúgbìn. Hóró kòkó kì í pẹ́ kú tí a bá ti yọ ọ́ kúrò nínú èèpo, ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ yára gbìn ín. Lẹ́yìn náà, yóò tún fi bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún retí èso. Ẹni tó jẹ gbèsè tó tún lè ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, ẹ bá wa yìn ín.

Kì í ṣe òun nìkan ló kọ́kọ́ gbin kòkó ní Nàìjíríà. Wọ́n ti gbìn ín ní ìhà Bonny ní nǹkan bí 1874.

Ìmọ̀ tí wọn kò fi pamọ́

Àwọn ará Èkó míràn bẹ̀rẹ̀ sí í dáko lágbègbè náà. Olókìkí nínú wọn ni Jacob Kehinde Coker, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ìjọ African Church sílẹ̀ ní 1901. Ọdún yẹn náà ni rélùwéè wọ Ìbàdàn, ó sì gba Agége kọjá. Àwọn alágbàṣe wá láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n gba owó iṣẹ́, wọ́n sì kọ́ bí a ti ń gbin kòkó, bí a ti ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà kí a tó sá a sóòrùn. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, irúgbìn ń bẹ nínú ẹrù wọn. Àwọn oníwàásù náà gbé ti wọn lọ.

Nígbà tó fi máa di 1907, àwọn àgbẹ̀ yìí ti ní ẹgbẹ́, Agege Planters' Union. Ẹ kíyè sí i: 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà! Kí òfin tó dé ni àgbẹ̀ ti mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Nígbà tí owó já

Ní nǹkan bí 1920 sí 1921, owó kòkó já wálẹ̀ l'ókè òkun, ó sì dun àwọn ará Agége wọra. Obì gbànja ló wá gbapò kòkó níbẹ̀, rélùwéè ń kó o lọ sí òkè Ọya. Lónìí, Èkó ti fẹ̀ dé ibẹ̀, ilé ti bo oko mọ́lẹ̀.

Ohun tó kù fún wa

Bí Davies àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi irúgbìn àti ìmọ̀ pamọ́, ibo ni kòkó ì bá tàn dé? Oko wọn ti lọ, ohun tí wọ́n fi kọ́ni ni kò parun. Ẹ jọ̀wọ́, ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bi àwọn àgbà léèrè: ta ló kọ́kọ́ gbé kòkó, obì tàbí rọ́bà wọ abúlé yín? Lọ́wọ́ ta ló ti kọ́ ọ? Kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilé tó bo oko tiyín náà. Ire o.