Ìgbìmọ̀ Tí Kò Ṣeku, Tí Kò Ṣẹyẹ

Ní Armagh, ní Àríwá Írẹ́lándì, ọ́fíìsì kan wà tí òṣìṣẹ́ ìjọba Dublin, ti orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì, àti ti Belfast, ti Àríwá tó wà lábẹ́ Ìlú Ọba, ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni ibùjókòó Ìgbìmọ̀ Mínísítà Àríwá àti Gúúsù, tí àdéhùn àlàáfíà Ọjọ́ Ẹtì Rere ọdún 1998 dá sílẹ̀.

Ẹ má pè é ní ìjọba kẹta o. Wọn kì í dìbò níbẹ̀: bí ìhà kan bá ní òun ò gbà, ọ̀rọ̀ ti parí. Mínísítà kọ̀ọ̀kan ló sì ń padà lọ jíhìn fún ilé aṣòfin tirẹ̀. Ìbẹ̀rù ló bí ètò yìí. Nígbà tí wọ́n dábàá irú rẹ̀ ní Sunningdale lọ́dún 1973, àwọn ará Àríwá tí kò fẹ́ kúrò lábẹ́ Ìlú Ọba sọ pé Dublin ló fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ní oṣù Karùn-ún 1974 wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, iná mànàmáná dọ̀wọ́n, ìjọba Belfast sì dojú dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Dublin náà yọ̀ǹda nǹkan ní 1998. Títí di ìgbà náà, òfin ilẹ̀ wọn sọ pé gbogbo erékùṣù Írẹ́lándì ni tiwọn. Nǹkan bí ìdá 94 nínú 100 àwọn tó dìbò ló gbà kí wọ́n yí i padà.

Àjọ mẹ́fà ló wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ náà, fún ipa omi, ààbò oúnjẹ, òwò àti irú wọn. Èyí tó wà fún Foyle, omi tó wà láàárín Derry àti Donegal, ló gbàfiyèsí jù. Ó ń fún apẹja níhà méjèèjì níwèé àṣẹ láìsí ìjà, torí ẹja kì í jókòó síbì kan. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ni wọ́n ti ń sin oyster, Ìlú Ọba sì ní gbogbo ilẹ̀ náà ni tòun, títí dé etí Donegal. Dublin ò gbà. Bí omi bá fà, tábìlì irin a tò lọ rẹrẹ nínú ẹrẹ̀, àpò oyster lórí wọn, kò sì sẹ́ni tó fún olóko níwèé.

Ní 2021, DUP, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn tí kò fẹ́ kúrò lábẹ́ Ìlú Ọba, kọ̀ láti máa lọ sípàdé ìgbìmọ̀ náà nítorí àdéhùn Brexit, èyí tí Ìlú Ọba fi kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ilé ẹjọ́ ní ohun tí wọ́n ṣe lòdì sófin. Nígbà tó di oṣù Kejì 2022, olórí ìjọba Belfast tó wá látinú ẹgbẹ́ náà kọ̀wé fipò sílẹ̀, ìgbìmọ̀ náà ò sì rí ẹni bá jókòó mọ́ títí di 2024.