Ẹni tí Àìsàn Ọkàn Kọlù: Bí Yóò Ṣe Padà Sẹ́nu Òwò

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé wa tó kọjá tí a rò pé ó yẹ kí a là yé gbogbo yín, nítorí kò sí ẹni tí kò lè kàn.

Màmá kan nínú wa tí ó ń ta ìrẹsì tọrọ ẹ̀yáwó. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni àyà ṣàdédé ń dùn wọ́n nínú ìsọ̀, bí ẹni pé a gbé ọlọ lé wọn láyà. Òógùn bò wọ́n, wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n sì ní háàtì atáàkì ni. Màmá ní ara àwọn ti yá, àwọn fẹ́ ra ọjà. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì tí wọ́n máa ń ṣe onídùúró fún wọn kọ̀. Ọ̀kan tilẹ̀ wí pé, "Ta ni yóò dúró fún ẹni tí kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ á mọ́ bá òun?" Màmá sunkún. Àwa ìgbìmọ̀ kò rí ọ̀rọ̀ sọ lọ́jọ́ náà. A ní kí wọ́n jẹ́ kí a lọ bi àwọn dókítà léèrè ná.

Nígbà tí a bèèrè tán, a rí i pé tọ̀tún-tòsì ló ṣìnà. Àwọn onídùúró ń wo Màmá bí ẹni tó ti kú. Màmá náà sì ń wo ara wọn bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ỌKÀN

Ọkàn ń fún ẹ̀jẹ̀ ká gbogbo ara, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ní àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá bọ́ ọ. Ọ̀rá a máa lẹ̀ mọ́ inú àwọn iṣan yìí láti ọdún dé ọdún. Bí ojú ibi tí ọ̀rá náà wà bá ya, ẹ̀jẹ̀ á dì níbẹ̀, á dí ọ̀nà pa, bí ìdọ̀tí ti ń dí gọ́tà. Apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ nínú ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí aláìsàn tètè dé ọsibítù. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ojú ibẹ̀ á jinná, á di àpá. Ṣùgbọ́n àpá kò lè fún ẹ̀jẹ̀. Ibi tó kù nínú ọkàn ni yóò máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Ọ̀rá inú àwọn iṣan yòókù sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, ara lè yá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán.

KÌ Í ṢE ỌJỌ́ ÌDÙBÚLẸ̀

Láyé àtijọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ń dá irú aláìsàn yìí dùbúlẹ̀. Ní 1952, dókítà méjì ní Boston ní Amẹ́ríkà, Samuel Levine àti Bernard Lown, kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ń gbé aláìsàn jókòó sórí àga, ó sì dára fún wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1955, àìsàn yìí kọlu Eisenhower, Ààrẹ Amẹ́ríkà, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 64. Ó lo bí ọ̀sẹ̀ méje ní ọsibítù. Nígbà tí ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó dín òde ayẹyẹ kù, ó sì ń sinmi lọ́sàn-án. Wọ́n tún dìbò yàn án ní 1956, ó lo sáà rẹ̀ pé di 1961, ó sì wà láàyè títí di 1969. Ó padà síṣẹ́, ṣùgbọ́n ó yí ọwọ́ iṣẹ́ padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí oníṣòwò ṣe. Kí ó máa rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún nírọ̀lẹ́, kí ó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Bí ó bá lè sọ̀rọ̀ bí ó ti ń rìn, ìrìn náà kò le jù. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò gba agbára sábà máa ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ agbára lè gbà tó oṣù mẹ́ta. Dókítà ni yóò sọ ọjọ́. Àpò ìrẹsì kìlógíráàmù 50, kí alábàárù gbé e. Kí ó sinmi lọ́sàn-án, kí ó sì fi ìrìnàjò òru sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya náà ńkọ́? Ẹ má tijú, ẹ bi dókítà. Ṣùgbọ́n oògùn agbára ọkùnrin kò gbọdọ̀ pàdé oògùn tí a ń fi sábẹ́ ahọ́n nítorí àyà dídùn. Ó lè pa ènìyàn.

ORÍ OÒGÙN NI ÀṢÌṢE TI PỌ̀ JÙ

Nígbà tí a bi Màmá, wọ́n ní láti oṣù kejì ni àwọn ti fi oògùn sílẹ̀. "Ara mi ti le, owó rẹ̀ sì ń pọ̀." Diclofenac ni wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì nítorí eékún tí ń dùn wọ́n. Ẹ gbọ́ o: oògùn náà gan-an ni kò jẹ́ kí àìsàn padà wá. Aspirin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Àwọn bí atorvastatin ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Àwọn mìíràn ń fúyẹ́ ẹrù fún ọkàn. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láì bi dókítà. Bí owó ni kò tó, ẹ sọ ọ́ fún un, ó lè rí èyí tí owó rẹ̀ kéré. Diclofenac àti ibuprofen lè fa àìsàn náà padà, ẹ má dédé rà wọ́n. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà.

Iyọ̀ kò gbọdọ̀ ju ṣíbí ìpotíì kan lọ lójúmọ́, ti inú mágí sì wà nínú ìṣirò yìí. Ẹni tó ń mu sìgá kí ó jáwọ́: láàárín ọdún kan, ewu àìsàn ọkàn rẹ̀ á dín kù sí bí ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu ún.

Ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́ a máa bá ọ̀pọ̀ wọn. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ má máa fi ẹnu yín dá kún un.

Bí àyà bá tún ń dùn tàbí tí ó wúwo, tí ó ń mú apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn bò, tí èémí kò já geere, ọsibítù ni kíá. Nínú àwọn obìnrin, ó lè jẹ́ èébì àti àárẹ̀ lásán. Ẹ má dúró ra oògùn inú rírun.

ÌPINNU ÌGBÌMỌ̀

Màmá ti padà sídìí oògùn wọn. A fọwọ́ sí ìdajì ẹ̀yáwó náà, a sì fa ọjọ́ ìsanwó gùn. Ọmọ wọn obìnrin ti ń kọ́ bí a ti ń kọ ìwé ọjà. Onídùúró kan ti gbà. A ṣì ń bẹ ẹnì kejì, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Kí gbogbo wa mú ìwé ìfowópamọ́ wa wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí a yẹ orúkọ ẹni tí a kọ sílẹ̀ pé yóò gba owó wa wò. Ìlera loògùn ọrọ̀.

Àwa ni,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.