Ìparun Igbó àti Ìbàjẹ́ Igbó: Èwo Ló Kan Oko Kòkó Yín?

Àwọn tó ń ra kòkó ti ń wọ oko kiri báyìí pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń ya ààlà ilẹ̀, wọ́n sì ń bi olóko ní ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ méjì kan kì í wọ́n nínú fọ́ọ̀mù wọn: ìparun igbó àti ìbàjẹ́ igbó. Lẹ́nu wa nílé, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹni tó gé ìrókò méjì nínú ẹgàn, a ó ní ó ba igbó jẹ́. Ẹni tó ṣán gbogbo ẹgàn náà balẹ̀, ohun kan náà la ó sọ. Lójú òfin tó bí ìbéèrè yìí, ọ̀nà wọn jìn síra. Àgbẹ̀ tó bá fi ọ̀kan dáhùn níbi tó yẹ kó fi èkejì dáhùn lè sọ ọjà tó tọ́ sí i nù.

Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló ṣe òfin náà ní ọdún 2023. Ó kan kòkó, kọfí, epo pupa, rọ́bà, sóyà, màlúù àti gẹdú. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìdí sì nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé ó ti kú. Kò kú. Ọjọ́ tí wọ́n fi ṣe ààlà kò sì yí padà: ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 2020. Kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tó ṣì jẹ́ igbó lọ́jọ́ náà wá, tí wọ́n sọ di oko lẹ́yìn rẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ ọjà Yúróòpù.

Ìparun igbó

Kí igbó di oko ni òfin yìí ń pè ní ìparun. Ó wá ku kí a mọ ohun tó ń jẹ́ igbó. Ìwọ̀n tí òfin lò bá ti FAO mu, ìyẹn àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé: ilẹ̀ tó fẹ̀ ju ìdajì hẹ́kítà lọ, tí igi orí rẹ̀ ga ju mítà 5 lọ, tí ewé wọn sì ṣíji bo ju ìdá 10 nínú 100 ilẹ̀ náà lọ. Igi tó ṣì kéré, ṣùgbọ́n tí yóò dàgbà dé ìwọ̀n yìí níbi tó wà, wà lára rẹ̀.

Oko ò sí lára rẹ̀, bó ti wù kí igi inú oko pọ̀ tó. Oko kòkó tí bàbá yín gbìn, tí obì àti ìrókò dúró láàárín rẹ̀, oko ni. Bí ẹ bá gé kòkó àgbà tí kò so dáadáa mọ́, tí ẹ sì gbin tuntun dípò rẹ̀, ẹ ò pa igbó kankan run. Ilẹ̀ oko tí ẹ fi sílẹ̀ kó sinmi náà, oko ni lójú òfin.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ rèé. Àgbẹ̀ kan wọ ẹgàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ṣán abẹ́ rẹ̀, ó fi àfàrà àti arère sílẹ̀ fún òjìji, ó ri ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò, ó wá fi ọmọ kòkó sábẹ́ wọn. Tí ẹ bá dúró lójú títì, igbó lẹ ó máa wò. Àgbẹ̀ náà á búra pé òun ò gé igi ńlá kan, òótọ́ ló sì ń sọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ti di oko. Bó bá jẹ́ ọdún 2022 ló ṣe é, ìparun igbó ni.

Ìbàjẹ́ igbó

Nínú ìbàjẹ́, igbó ṣì wà, àmọ́ kì í ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn onígẹdú á gbé ẹ́ńjìnnì ìgégi wọlé, wọ́n á wá ìrókò, apá àti ọ̀gànwó lọ. Igi ńlá kan kì í dá ṣubú. Á fa àwọn tó yí i ká lulẹ̀. Wọ́n á la ọ̀nà fún ọkọ̀ akẹ́rù, oòrùn á kan ilẹ̀, akíntọ́látakú á sì bo gbogbo rẹ̀. Àwọn igi tí ì bá so èso tí yóò hù ti lọ.

Òfin yìí kò ka irú igi gígé bẹ́ẹ̀ nìkan sí ìbàjẹ́. Àpẹẹrẹ ohun tí òun ń pè bẹ́ẹ̀ nìyí: kí wọ́n ro igbó àdáyébá kúrò, kí wọ́n sì gbin mẹlínà tàbí tíìkì ní ìlà-ìlà dípò rẹ̀. Nítorí pé igi rọ́pò igi, wọn ò kà á sí ìparun. Èyí dùn wá. Ẹni tó bá ti wọ oko mẹlínà rí mọ̀ pé èèpo igi tí àwọn oníṣègùn ń wá nínú ẹgàn kò sí níbẹ̀.

Àwọn oníṣòwò gẹdú nìkan ni òfin Yúróòpù ń bi nípa ìbàjẹ́. Kò bi àgbẹ̀ kòkó. Síbẹ̀, a bẹ̀ yín, ẹ má fojú kékeré wò ó: ọ̀nà tí ọkọ̀ gẹdú bá là ni ẹni tó fẹ́ dáko ń gbà wọlé, ìbàjẹ́ ọdún yìí a sì di ìparun ọdún tó ń bọ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe

Ẹ wá ẹ̀rí ọjọ́ orí oko yín. Ìwé àdéhùn ilẹ̀ tàbí ìwé tí wọ́n fi ra kòkó lọ́wọ́ yín ṣáájú ọdún 2021 wúlò gan-an, nítorí àwòrán sátẹ́láìtì lè ṣi oko kòkó tó ní òjìji mú fún igbó. Bí oko kò bá ju hẹ́kítà 4 lọ, ìyẹn bí éékà 10, ojú kan ṣoṣo tí fóònù bá mú ti tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ rin ààlà rẹ̀ yípo.

Oko tó wà nínú igbó ìjọba láìgbàṣẹ kò bọ́, kódà kó jẹ́ pé ó ti wà ṣáájú ọdún 2020, nítorí pé Yúróòpù tún béèrè pé kí oko bá òfin orílẹ̀-èdè tó wà mu.

Ẹ má da kòkó oko àtijọ́ pọ̀ mọ́ ti oko tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ro nínú igbó. Bí wọ́n bá ti wọ àpò kan náà, gbogbo àpò náà ni wọn yóò kọ̀. Bí wọ́n bá sì gbé fọ́ọ̀mù wá, kí ẹ tó tẹ̀ka sí i, ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín ní Yorùbá, kí ẹ sì bi wọ́n pé: ìparun lẹ ń bi wá ni, àbí ìbàjẹ́?